Ìjọba Jẹ́ Amánà, Kì Í Ṣe Ọrẹ

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ní Ọ̀tan-Ilé

   

Ohun kan ti di àṣà ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá. Bí ìjọba bá gbẹ́ ẹ̀rọ omi kan sí àdúgbò, ìlù yóò dún, àwọn obìnrin yóò jó, àwọn àlùfáà yóò ṣe àdúrà, wọn yóò sì kọ orúkọ olóṣèlú tí ó fi ta ìlú lọ́rẹ sí ara ògiri gàdàgbà. Bí oṣù mẹ́fà bá kọjá tí ẹ̀rọ náà bàjẹ́, kò sí ẹni tí yóò béèrè. Wọn a ní, "Ó kúkú gbìyànjú tirẹ̀." Ìbéèrè tí ó yẹ kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí bi ara rẹ̀ nìyí: owó ta ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ̀rọ náà? Bí ó bá jẹ́ pé owó ìlú ni, kí ló dé tí ẹni tí ó ni owó fi ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí ó fi owó pamọ́ sí lọ́wọ́?

Inú ìbéèrè yìí ni kókó ọ̀rọ̀ òní wà. Ìjọba búburú kì í dá dúró. Ohun kan ni ó máa ń gbé e ró. Ní Nàìjíríà, òpó méjì ni ó fẹ̀yìn tì. Èkíní ni ìṣàkóso àwọn ológun àná, èyí tí ó kọ́ ará ìlú láti máa ka ẹ̀tọ́ wọn sí ọrẹ. Èkejì ni ẹ̀kọ́ tí kò péye, èyí tí kò jẹ́ kí ará ìlú mọ ohun tí ó jẹ́ tiwọn tí wọn ìbá fi béèrè rẹ̀. Òpó kìíní ti wó ní ọdún 1999, ṣùgbọ́n òpó kejì kò jẹ́ kí ilé náà ṣubú.

Ohun tí ẹ̀sìn pe ìjọba

Nínú ẹsẹ 58 Sūratu n-Nisā’, Ọlọ́hun pàṣẹ pé kí ènìyàn dá ohun tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ padà fún ẹni tí ó ni ín, kí ó sì ṣe déédéé nígbà tí ó bá ń dájọ́. Irú ohun bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní amánà. Àwọn onímọ̀ ka ipò àṣẹ mọ́ ọn. Ibn Taymiyyah, tí ó kú ní ọdún 1328, gbé odidi ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìṣàkóso, as-Siyāsah ash-Shar‘iyyah, ka orí ẹsẹ yìí àti èyí tí ó tẹ̀lé e.

Kò sí ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ amánà sí ọrẹ nínú ìgbé ayé ojoojúmọ́. Bí ẹnì kan bá fi ewúrẹ́ rẹ̀ sọ́dọ̀ aládùúgbò nígbà tí ó ń lọ sí ìrìn-àjò, tí ó sì bá a láàyè nígbà tí ó dé, yóò dúpẹ́ ìtọ́jú, ṣùgbọ́n kò ní wólẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ta á lọ́rẹ ewúrẹ́. Bí ó bá jẹ́ okùn lásán ni ó bá nílẹ̀, yóò béèrè ewúrẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé ó ya aláìmoore.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn aṣáájú àkọ́kọ́ nínú Ìsìláàmù ṣe gba ipò. Nígbà tí Sẹ́yìdínà Abubakar gorí àléfà ní ọdún 632, ọ̀rọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ sí àwọn ènìyàn ni pé bí òun bá ṣe dáadáa, kí wọ́n ran òun lọ́wọ́. Bí òun bá ṣìnà, kí wọ́n tọ́ òun sọ́nà. Àwọn oníwàásù sì máa ń sọ ìtàn Sẹ́yìdínà Umar, bí ẹnì kan ṣe dìde láàárín èrò láti bi í pé báwo ni aṣọ tirẹ̀ ṣe ju ìwọ̀n tí ó pín fún olúkúlùkù lọ. Umar kò bínú, kò sì pe ẹ̀ṣọ́. Ọmọ rẹ̀, Abdullah, ni ó dìde láti ṣàlàyé pé òun ni òun fi ìpín tòun kún ti bàbá òun. Lẹ́yìn èyí ni ẹni náà jókòó, tí ó ní òun ṣetán láti gbọ́ràn. Ẹ wo ètò ìtàn náà dáadáa: ìbéèrè ni ó ṣáájú, àlàyé tẹ̀lé e, ìgbọràn ni ó kẹ́yìn. Ní ilẹ̀ yìí, ìgbọràn ni wọ́n fi ṣáájú, wọn kò sì jẹ́ kí ìbéèrè dé rárá.

Ajẹ́lẹ̀ tí ó wọ aṣọ ológun

Kì í ṣe pé Ìjẹ̀ṣà kò mọ béèrè láti ilẹ̀ wá. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Ìbàdàn fi àwọn ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Ìlú kọ́ ni ó yan ajẹ́lẹ̀, kì í sì í jíhìn fún ìlú. Ẹni tí ó rán an ni ó ń bẹ̀rù. Nígbà tí ìyà náà pọ̀ jù, Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí kò gbà á mọ́ ní ọdún 1878, ilẹ̀ gbogbo sì gbiná. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ngbé ará Iléṣà ni ó di ọ̀gágun àwọn Èkìtìparapọ̀. Ìmẹ̀sí-Ilé, tí ó wà ní Ọbòkun kan náà pẹ̀lú Ọ̀tan-Ilé, wà lára ibi tí ìbọn Kírìjì ti dún, kí ó tó di pé wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní ọdún 1886.

Ọgọ́rin ọdún géérégé lẹ́yìn ìwé àlàáfíà yẹn, ajẹ́lẹ̀ mìíràn dé. Ní 15 January 1966, àwọn sójà gba ìjọba. Òtítọ́ ni pé ìjọba alágbádá tí wọ́n lé lọ kò mọ́. Màgòmágó ìbò October 1965 ní Ìwọ̀-Oòrùn ni ó dá wẹ́tìẹ̀ sílẹ̀, tí àwọn ènìyàn ń sun ilé, tí wọ́n sì ń sun ara wọn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1965, ará ìlú mọ̀ pé ohun kan wà tí ó jẹ́ tiwọn tí wọ́n jí gbé. Lábẹ́ ológun, ìmọ̀ yẹn gan-an ni ó bẹ̀rẹ̀ sí parun.

Láti ọjọ́ òmìnira ní 1 October 1960 títí di 29 May 1999, nǹkan bí ọdún 29 nínú ọdún 39 ni ológun fi wà lórí àga. Wọn a fi òfin-ìpìlẹ̀ sí apá kan, wọn a sì máa fi dìkírì ṣe ìjọba. Dìkírì kẹrin ti ọdún 1984 sọ ìròyìn tí ó bá lè fi òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe yẹ̀yẹ́ di ẹ̀ṣẹ̀; òun ni wọ́n fi sọ àwọn oníròyìn méjì, Tunde Thompson àti Nduka Irabor ti The Guardian, sẹ́wọ̀n. Ní 12 June 1993, àwọn ènìyàn tò sórí ìlà láti dìbò, Moshood Abíọ́lá sì ń ṣíwájú. Ní 23 June, wọ́n fagi lé ìbò náà. Abíọ́lá kú sí àhámọ́ ní 7 July 1998. Ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́ níbẹ̀ ni pé ìbò kò já mọ́ nǹkan kan, àti pé ẹni tí ó bá béèrè yóò jẹ̀yà.

Ẹ̀kọ́ mìíràn wà tí kò dún tó èyí, tí ó sì wọni lára jù ú lọ. Ológun ni ó ń dá ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, àwọn ìlú ń kó àwọn àgbà jọ, wọ́n ń rán wọn lọ bẹ ọ̀gágun kí ó fún àwọn ní tàwọn. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu Ọ̀gágun Babangida ni ó dá a sílẹ̀ ní 27 August 1991. Láti ọjọ́ náà títí di May 1999, alákòóso mẹ́rin ni ológun rán wá sí Òṣogbo. Gómìnà kan ṣoṣo tí ìlú dìbò yàn láàárín wọn, Isiaka Adéléke, kò lò ju láti January 1992 sí November 1993 lọ. Ìran kan dàgbà tí kò mọ̀ ju pé òkè ni ohun rere ti ń bọ̀, ẹ̀bẹ̀ ni a sì fi ń gbà á. Nígbà tí alágbádá padà dé, ìran náà kò yí ìwà padà. Ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ nìkan ni ó yí aṣọ.

Bí ilé-ìwé ṣe dìde, bí ó sì ṣe rẹ̀yìn

Ẹ jẹ́ kí a fi ìgbà mìíràn wé e. Ní 17 January 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́. Iye ọmọ ilé-ìwé fò láti 456,600 ní ọdún 1954 sí 811,432 ní ọdún 1955. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ àgbẹ̀ kòkó ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni ó kọ́kọ́ di sílétì mú nígbà náà. Àwọn Mùsùlùmí pẹ̀lú ti ń gbìyànjú ṣáájú àkókò yẹn. Nígbà tí àwọn òbí ń bẹ̀rù pé ilé-ìwé ìjọ lè gba ẹ̀sìn lọ́wọ́ ọmọ wọn, Ansar-Ud-Deen dìde ní Èkó ní ọdún 1923, Nawair-Ud-Deen dìde ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1939, wọ́n sì kọ́ ilé-ìwé tí ọmọ yóò ti mọ ìwé láìsọ orúkọ Mùsùlùmí rẹ̀ nù.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí ni pé wọ́n bínú sí ètò yẹn kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ìjọba fi kún owó-orí kí ó lè rí owó ẹ̀kọ́ àti ìlera. Ìbínú yìí wà lára ohun tí ó mú kí ẹgbẹ́ Action Group pàdánù fún NCNC ní Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìbò àpapọ̀ ọdún 1954. Ìjọba kò lè fi ìbọn dáhùn. Àfi kí ó ṣàlàyé, kí ó sì fi iṣẹ́ hàn. Àpò àgbẹ̀ ni owó náà ti jáde, àgbẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń bínú sí owó-orí gan-an ni wọ́n ṣọ́ bí wọ́n ṣe ná an.

Ìgbà tí owó epo rọ́pò owó kòkó, tí ológun sì wà lórí àga, ìdè yìí já. Owó ń ti ọ̀nà jíjìn wá, kò sí ẹni tí ó rò pé tòun ni. Ìjọba ológun kò ṣàìgbìyànjú: ní September 1976, ó ṣí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ fún gbogbo Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ọmọ pọ̀ ju olùkọ́ lọ, yàrá kò sì tó. Ní April 1978, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí wọ́n jáde nítorí owó oúnjẹ àti ti ibùgbé tí wọ́n fi kún, ìbọn ni wọ́n fi dá àwọn kan lóhùn nínú wọn. Láti ọdún 1986, ètò ọrọ̀-ajé tí wọ́n ń pè ní SAP sọ owó-oṣù olùkọ́ di ohun tí kò lè bọ́ ilé. Olùkọ́ di onífàrí, ó di awakọ̀, ó di àgbẹ̀ ọ̀sán gangan.

Ìpadàbọ̀ alágbádá kò wo àrùn náà sàn. Ní ọdún 2015, àwọn òṣìṣẹ́ Ọ̀ṣun, tí olùkọ́ wà nínú wọn, lo oṣù púpọ̀ láìrí owó-oṣù. Nígbà tí owó sì dé, ìdajì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà. Ní January 2023, àjọ UNICEF kéde pé ìdá 75 nínú 100 àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó wà láàárín ọdún 7 sí 14 ni kò lè ka gbólóhùn kékeré kan tàbí kí wọ́n ṣe ìṣirò tí kò le.

Ẹ tún wo bí àwọn méjèèjì, ológun àná àti ẹ̀kọ́ tí kò péye, ṣe pàdé nínú òfin. Òfin-ìpìlẹ̀ ọdún 1999, ìjọba ológun ni ó fi dìkírì gbé e jáde kí ó tó lọ. Abala 18 rẹ̀ sọ pé ìjọba yóò lé àìmọ̀wé lọ, yóò sì ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nígbà tí ó bá ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n abala 6 sọ pé ilé-ẹjọ́ kò gbọdọ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ fi irú ìlérí yìí mú ìjọba. Ọwọ́ ọ̀tún ṣèlérí, ọwọ́ òsì ti ilẹ̀kùn. Ní November 2010, ilé-ẹjọ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ECOWAS, sọ pé ẹ̀tọ́ ni ẹ̀kọ́ jẹ́ fún ọmọ Nàìjíríà, kì í ṣe àánú. Mélòó nínú àwọn òbí ni ó gbọ́ nípa ìdájọ́ yẹn? Ẹni tí kò lè kàwé kò lè mọ̀ pé wọ́n ti dá òun láre.

"Dìbò kí o sebẹ̀"

Èso igi yìí hàn gbangba ní ọdún 2018. Nígbà ìbò gómìnà Èkìtì ní 14 July ọdún náà, gbólóhùn kan gba ìgboro kan: "Dìbò kí o sebẹ̀." Ẹni tí ó bá fi ìwé ìbò rẹ̀ han aṣojú ẹgbẹ́ yóò gba owó. Kò pẹ́ tí gbólóhùn náà fi sọdá sí Ọ̀ṣun, tí wọ́n dìbò tiwọn ní 22 September. Òfin ìdìbò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni fún ẹni tí ó fúnni àti ẹni tí ó gbà. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, bí ẹni pé àwàdà ni.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká ní ẹnì kan gba ₦5,000. Ọjọ́ tí ó wà nínú ọdún mẹ́rin jẹ́ 1,461. Bí ó bá pín owó náà sí iye ọjọ́ yẹn, kò tó náírà mẹ́rin lójúmọ́. Iye tí ó ta ọ̀nà oko rẹ̀, oògùn ọmọ rẹ̀ àti olùkọ́ àdúgbò rẹ̀ nìyẹn. Ìyá tí ebi ń pa kọ́ ni kí á kọ́kọ́ bá wí. Ẹni tí ó fi ebi pa á láti lè rà á lówó pọ́ọ́kú ni ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ìṣirò yìí tí kò kọ́ ẹlòmíràn, òun náà yóò dáhùn lọ́dọ̀ Ọlọ́hun.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé, "Ṣé àwọn tí wọ́n ń jalè kọ́ ni wọ́n kàwé jù?" Òótọ́ ni. Ẹ̀kọ́ láìsí ìbẹ̀rù Ọlọ́hun a máa mú olè já fáfá sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ẹni tí ó di amánà mú nìkan kọ́ ni à ń wí. Ẹ̀kọ́ ẹni tí ó ni amánà ni ó ṣe pàtàkì jù. Bí akọ̀wé ilé-ìtajà bá gbọ́n ju ẹni tí ó ni ín lọ, tí onítọ̀hún kò sì lè ka ìwé ìṣirò tirẹ̀, kò sí ìwàásù tí yóò dá ọjà náà sí. Ìdí nìyí tí àwọn ìtàn ayé Ànábì fi sọ fún wa pé lẹ́yìn ogun Badr, ọdún kejì Hijira, àwọn ẹrú ogun tí wọ́n mọ̀wé tí wọn kò sì ní owó ìràpadà, wọ́n ní kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ Mẹ̀dínà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà kí wọ́n lè gba òmìnira. Aláìgbàgbọ́ ni àwọn olùkọ́ náà, ọ̀tá sì ni wọ́n. Síbẹ̀, Ànábì gba ìwé lọ́wọ́ wọn, nítorí ìlú tí kò mọ̀wé kò lè ṣọ́ ohun tí Ọlọ́hun fi fún un.

Kí ọmọ Òṣómàáló padà ló òṣó

Kò sí ẹ̀yà tí ó yẹ kí ó mọ béèrè tó Ìjẹ̀ṣà. Àwọn baba tí wọ́n ń ta aṣọ àwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ni ayé sọ ní Òṣómàáló. Bí ọjọ́ owó bá pé, oníṣòwò yóò ló òṣó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè, yóò ní òun kò ní dìde títí òun yóò fi gba owó òun. Kì í jà, kì í sì í bú ènìyàn. Ìwé gbèsè rẹ̀ ni ó gbójú lé. Ṣé ó wá yẹ kí ọmọ irú àwọn baba bẹ́ẹ̀ máa jó fún ajigbèsè tí ó dá ìdá kan nínú mẹ́wàá owó padà?

Lónìí, ìwé gbèsè náà wà. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011 fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní àǹfààní láti kọ̀wé béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba, ó sì pàṣẹ kí wọ́n fèsì láàárín ọjọ́ méje. Ní ọdún 2025, nínú ẹjọ́ kan tí ó ti ìpínlẹ̀ Ẹdó wá, Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òfin náà de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Ní 11 July 2024, ilé-ẹjọ́ kan náà dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà, àti pé àwọn tí ìlú dìbò yàn ni ó gbọ́dọ̀ máa darí rẹ̀. Ilé káńsù Ọbòkun kò jìnnà. Ìbòkun ni ó wà.

Nítorí náà, iṣẹ́ tí ó wà níwájú àwọn ọ̀dọ́ kò ṣòro lóye. Kí mọ́sálásí kọ̀ọ̀kan ní kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà lẹ́yìn ìrun alẹ́, kí ọ̀dọ́ tí ó ti jáde ìwé mẹ́wàá kọ́ bàbá àti ìyá tí kò mọ̀wé, ní èdè Yorùbá. Kí ọmọ ilé-kéwú má ṣe sá fún ilé-ìwé, kí ọmọ ilé-ìwé má sì ṣe sá fún ilé-kéwú. Kí ọmọbìnrin má sì gbẹ́yìn nínú méjèèjì. Kí ẹgbẹ́ yan ènìyàn mẹ́ta tí wọn yóò máa kọ̀wé béèrè ìṣirò owó ilé-ìwé, ti ilé-ìwòsàn àti ti ọ̀nà, kí wọ́n sì ka èsì rẹ̀ fún ìlú ní gbangba. Bí èsì kò bá dé, kí wọ́n kọ òmíràn. Bí iṣẹ́ bá dára, kí wọ́n sọ pé ó dára. Ìdúpẹ́ ìtọ́jú kò burú. Ní ọjọ́ ìbò, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi amánà ọdún mẹ́rin ra ọbẹ̀ ọjọ́ kan.

Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ológun ti lọ, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù tí ó gbìn sínú ènìyàn kò lè lọ bí kò bá sí ìmọ̀ tí yóò lé e jáde. Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọ̀dọ́ Ọ̀tan-Ilé àti ti gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní ìmọ̀ tí ó ṣàǹfààní, kí ó fún wọn ní ahọ́n tí ó lè béèrè pẹ̀lú sùúrù, kí ó sì fi àwọn tí yóò mọ̀ pé amánà ni ipò jẹ lé orí ìlú. Āmīn.